Ìwé ìlera ayé àtijọ́ tí mo rà: wọ́n kó àwòrán wá, wọ́n gé ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀ dànù

Àwòrán obìnrin méjì kan ló mú mi náwó yìí. Ọ̀kan dúró ti tábìlì, ó ń po ìyẹ̀fun àlìkámà, èkejì ń na pásítà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sórí igi tí wọ́n fi ń sá a kó lè gbẹ, bí ẹni ń sá òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Ó ti lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti ya àwòrán yẹn ní àríwá Ítálì, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa rò pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Orí fóònù ni mo ti rí i lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun dá lójú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti wá kiri, bí mo ṣe gbọ́ orúkọ Tacuinum Sanitatis fúngbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyẹn nǹkan bí àtẹ ìtọ́jú ìlera. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo fi ra ìwé ńlá kan tó kó àwọn àwòrán náà jọ, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ atẹ̀wé kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, mo ti ṣí gbogbo ojú ewé ẹ̀, mo lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn atẹ̀wé yìí ti wá.

Dókítà kan wà ní Baghdad tó ń jẹ́ Ibn Butlan, Kristẹni ni, èdè Lárúbáwá ló fi ń kọ̀wé, ó kú ní nǹkan bí ọdún 1066. Òun ló kọ Taqwim al-Sihha. Ó ní àlàyé rẹpẹtẹ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe ti sú àwọn èèyàn, pé ohun tó máa ṣe wọ́n láǹfààní nínú ìmọ̀ ni wọ́n ń wá, ni bàbá bá kó gbogbo ẹ̀ sínú àtẹ, àtẹ 40, nǹkan 280 ló wà nínú ẹ̀, oúnjẹ, ohun mímu, atẹ́gùn, aṣọ, oorun, ìwẹ̀, orin, títí dé orí ìbínú àti ayọ̀. Bí àwọn tó ń ṣírò ìrìn ìràwọ̀ ṣe máa ń kọ nǹkan wọn sínú ilà àti àpótí lòun náà ṣe é. Ẹ ó fi ìka tọ ilà, ẹ ó rí bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí, bóyá ó gbóná ni tàbí ó tutù, èyí tó dáa jù nínú ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lára, aburú tó ń ṣe, àti ohun tẹ́ ẹ lè fi pa aburú yẹn. Ẹni tí kò ráyè á wò ó fìrí, á máa bá tiẹ̀ lọ. Kò sí àwòrán kankan nínú ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ìyẹn dání, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Bàbá yẹn náà lè jiyàn. Nígbà tó kúrò ní Baghdad tó dé Cairo, òun àti dókítà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ibn Ridwan gbé e gbóná fún ara wọn, wọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́ síra wọn lórí pé ọmọ adìyẹ àti ọmọ ẹyẹ, èwo ni ara ẹ̀ gbóná jù. Létí wa lónìí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò tó jà lé lórí, àmọ́ ìdí iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń jà fún, torí gbogbo ìṣègùn ìgbà yẹn, orí gbígbóná àti tútù, gbígbẹ àti rírin ló dúró lé. Ohun tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Galen, dókítà ayé àtijọ́ kan, àti àwọn Gíríìkì ni pé omi mẹ́rin ló ń ṣàn lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ yẹ́lò àti òróòro dúdú. Tí ọ̀kan bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn dé nìyẹn, oúnjẹ ni wọ́n á sì fi fà á padà. Ara gbóná jù, ẹ fún un ní nǹkan tútù. Ó gbẹ jù, ẹ fún un ní nǹkan tó rin. Torí náà kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ìwé náà ń sọ, ohun mẹ́fà ni wọ́n gbà pé ó ń di ìlera mú: afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ohun tí à ń jẹ àti èyí tí à ń mu, iṣẹ́ àti ìsinmi, oorun àti àìsùn, ohun tó ń jáde lára àti èyí tí ara ń dá dúró, lẹ́yìn náà ọkàn èèyàn, bóyá ó ń yọ̀ ni tàbí ó ń bínú tàbí ẹ̀rù ń bà á. Emi ò mọ ìwé ìlera òde òní mélòó tó fi ìbínú àti wàràkàṣì sínú àtẹ kan náà, ó dùn mọ́ mi.

Láàrín ọdún 1200 sí 1300 ni wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Látìn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ń tọ́ka sí ààfin ọba Manfred ní Sísílì. Taqwim di tacuinum lẹ́nu wọn, dòní olónìí, ìwé kékeré tí àwọn ará Ítálì ń tì bàpò láti fi kọ nǹkan, taccuino ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ tún wo bí orúkọ ṣe ń rìn: nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Strasbourg lọ́dún 1531, Ibn Butlan ti di Elluchasem Elimithar, orúkọ àbísọ ẹ̀ Abu al-Hasan al-Mukhtar ni wọ́n lọ́ báyẹn. Ti èdè Jámánì tó jáde lọ́dún 1533 ní tiẹ̀, pátákó ayò ṣẹ́ẹ̀sì ìlera ni wọ́n sọ ọ́, torí àwọn àpótí inú àtẹ yẹn.

Àwọn àwòrán ńkọ́? Àwọn olówó Lombardy, agbègbè Milan ní àríwá Ítálì, ló fà á. Ní nǹkan bí ọdún 1380 sí 1400, láyìíká ààfin àwọn Visconti tó ń ṣàkóso Milan, àwọn ayàwòrán tú àtẹ yẹn palẹ̀, nǹkan kan ní ojú ewé kan. Àwòrán ńlá á wà lókè, ọ̀rọ̀ Látìn ìlà mélòó kan á wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Orí awọ ẹran ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, awọ tí wọ́n rẹ sínú omi ẹfun, tí wọ́n nà, tí wọ́n fi ọ̀bẹ há títí tó fi fẹ́lẹ́. Ọ̀kan wà ní Vienna báyìí, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Trento kan tó ń jẹ́ Georg von Liechtenstein ló ni ín rí. Ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé Casanatense ní Róòmù, ọ̀kan ní yunifásítì Liège, ọ̀kan ní Rouen, ilé ìkàwé ìjọba Faransé ní Párísì sì ní tiẹ̀, èyí tí àwọn ará Lombardy ṣe àti òmíì tí wọ́n ṣe lágbègbè odò Rhine ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Ó yá, ìwé tí mo rà. Inú páálí tó le ló dé, wọ́n wé e dáadáa, igun kan ò tẹ̀. Ó tóbi, ó wúwo, ẹ ò lè dùbúlẹ̀ kà á. Wọ́n rán an ni, wọn ò kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣí i ó máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ò ní máa fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bébà ẹ̀ nípọn, kò máa dán yànrànyànràn, iná ò ní máa tàn padà sí yín lójú. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ẹni tó ṣètò títẹ̀ àwòrán yẹn mọ iṣẹ́. Mo mú dígí tó ń mú nǹkan tóbi, mo gbé e lé ojú ewé aṣọ ọ̀gbọ̀, mo rí ibi tí gègé ayàwòrán ti kọ́kọ́ fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó kun àwọ̀ lé e. Búlúù ẹ̀ jinlẹ̀, ẹ rántí pé búlúù tó wọ́n jù nígbà yẹn, òkúta lapis lazuli tó ń ti Afghanistan wá ni wọ́n ń lọ̀ kúnná ṣe é, ẹni tó bá ní i nínú ìwé ẹ̀, olówó ni. Mo jókòó ti ojú ewé mandraki, ewéko kan, fún bí wákàtí kan. Wọ́n ya gbòǹgbò ẹ̀ bí èèyàn, wọ́n wá so ajá mọ́ ọn, torí ìgbàgbọ́ ìgbà yẹn ni pé tí wọ́n bá hú mandraki á ké, ẹni tó bá sì gbọ́ igbe yẹn á kú, ajá ni wọ́n máa ń jẹ́ kó fà á tu. Àánú ajá yẹn ṣe mí gan-an.

Ibi tí ó ti wá bàjẹ́ nìyí o. Mo ṣí ojú ewé aáyù. Àwòrán wà, ó rẹwà, wọ́n wà nínú ọgbà tí wọ́n ń kó aáyù. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà? Kò sí. Wọ́n ti gé e. Wọ́n kàn kọ "Aáyù" lédè wọn pẹ̀lú lẹ́tà rogodo, ó tán. Mo ṣí òmíì, bákan náà. Mo ṣí ti pásítà tí mo tìtorí ẹ̀ ra ìwé, orúkọ nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà Látìn tó wà lábẹ́ àwòrán ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé kúrò, láwọn ibì kan gan-an ẹ ṣì ń rí orí lẹ́tà tó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀ àwòrán, bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ tí ìka ẹ̀ ṣì wà lójú ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó sọnù fún yín. Ti aáyù, ọ̀rọ̀ yẹn sọ pé ó gbóná dé ipele kejì, ó gbẹ dé ipele kẹta, ipele ni wọ́n fi ń sọ bí gbígbóná tàbí gbígbẹ nǹkan ṣe le tó. Èyí tí òórùn ẹ̀ ò le jù ló dáa jù. Ó ń bá májèlé tútù jà, ó ń bá oró àkeekèé àti paramọ́lẹ̀ jà, ó ń pa aràn. Aburú ẹ̀ ni pé ó máa ń ni ọpọlọ lára, ẹ fi fínígà àti òróró pa aburú yẹn. Ti pásítà ní tiẹ̀, ó gbóná ó sì rin, ó dáa fún àyà àti ọ̀nà ọ̀fun, kò dáa fún ẹni tí ìfun àti ikùn ẹ̀ ò lágbára, ṣúgà ni wọ́n ní kí wọ́n fi tún un ṣe. Ti ẹ̀fọ́ spinach, èyí tí omi òjò ṣì wà lára ẹ̀ ló dáa jù, wọ́n ní ó ń ran ikọ́ àti àyà lọ́wọ́. Mandraki tí mo wò fún wákàtí kan yẹn, ó tutù dé ipele kẹta, tí èèyàn bá gbóòórùn èso ẹ̀, ó ń mú orí fífọ́ àti àìróorunsùn lọ, àmọ́ ó máa ń ra èèyàn níyè. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló ń yí po nínú gbogbo ojú ewé, complexio, electio, iuvamentum, nocumentum, remotio nocumenti: ìwà ẹ̀, àṣàyàn ẹ̀, àǹfààní ẹ̀, aburú ẹ̀, ohun tó ń mú aburú kúrò. Ẹni tí kò gbọ́ Látìn rárá, tó bá ti ka ojú ewé mẹ́wàá, ó ti dá wọn mọ̀.

Ẹ wá padà síbi tí mo ní kẹ́ ẹ mú dání. Ibn Butlan ò ya àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìwé ẹ̀, ohun tó rìn láti Baghdad dé Sísílì dé Milan nìyẹn, ó ju 300 ọdún tó fi wà láìsí obìnrin tó ń sá pásítà lójú ewé ẹ̀. Àwòrán ló wá bá ọ̀rọ̀ nílé. Ohun tí àwọn atẹ̀wé yìí gé dànù gan-an ni ìwé, ohun tí wọ́n tà fún mi ni ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n da àwòrán ìwé oríṣiríṣi pọ̀ láìsọ èyí tó jẹ́ ti ibì kan. Ti Liège, àwọ̀ ẹ̀ fúyẹ́, ilà gègé ló pọ̀ nínú ẹ̀, ti Vienna àti Róòmù kún fọ́fọ́, ẹ máa rí méjèèjì lójú ewé tó kọjú síra, ìwọ̀n kan náà, kò sí àlàyé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé ọwọ́ kan ló yà wọ́n. Orúkọ ẹ̀fọ́ méjì ni wọ́n tún gbé fún ara wọn.

Mo kọ ìmeèlì sí wọn. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mo kàn béèrè ìdí tí wọ́n fi gé ọ̀rọ̀ náà, mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi ìwé kékeré kan tí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ti rà á. Wọ́n dá mi lóhùn lọ́jọ́ kẹta, pé àwọn tó ń ra ìwé àwòrán kì í ka Látìn, ọ̀rọ̀ náà á sì gba àyè. Ó dùn mí. Ta ló sọ fún wọn pé a ò ní kà á? Àwọn èèyàn wo àwòrán obìnrin yẹn, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lẹ́nu ni pé kí ló dé tí pásítà fi wà nínú ìwé ìlera, ìdáhùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti 600 ọdún, ẹnì kan wá mú ọ̀bẹ.

Ibi tí mo ti rí ìtura ni Gallica, sáìtì tí ilé ìkàwé ìjọba Faransé ń kó ìwé ẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1997 ló ti wà. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé Párísì méjèèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ kọ "Tacuinum sanitatis" sínú àpótí ìwákiri, ti Lombardy ni Nouvelle acquisition latine 1673, ti ọ̀nà Rhine ni Latin 9333. Gbogbo ojú ewé ló wà, etí awọ, àbàwọ́n, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sígun, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ digbí. Ẹ lè fà á tóbi títí ẹ ó fi rí ihò ibi tí irun ti ń hù lára awọ ẹran. Ẹ lè dáúnlóòdù ẹ̀, tí kì í bá ṣe òwò lẹ fẹ́ fi ṣe wọn ò gba kọ́bọ̀. Èdè Faransé ni àlàyé àwọn ìwé náà, ìyẹn lè kọ́kọ́ dà yín láàmú, àmọ́ ojú ò ní pẹ́ mọ́ ọn. Lórí fóònù ó máa ń falẹ̀ tẹ́ ẹ bá fa àwòrán tóbi jù, ẹ lo kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ní.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ohun tí kò sí nínú wọn náà. Kò sí tòmátò. Kò sí àgbàdo, kò sí ata, kò sí ànàmọ́ òyìnbó, torí wọ́n ti yà wọ́n tán kí Columbus tó wọkọ̀ lọ́dún 1492, nǹkan wọ̀nyẹn ò tíì kúrò ní Amẹ́ríkà. Ilé ìdáná Ítálì láìsí tòmátò! Ìgbá, aáyù, kábéèjì, ewébẹ̀ oríṣiríṣi, èso àjàrà, wàràkàṣì ló kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń fara balẹ̀ wo àwọn àwòrán yìí lónìí, wọ́n ń wò ó bí mẹ́lọ́ọ̀nù àti kùkúḿbà ìgbà yẹn ṣe rí. Ẹ tún wá ojú ewé onítàn, ẹni tó ń jókòó sọ ìtàn fún ẹni tó fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ìtàn tó bá ìwà ẹni tó fẹ́ sùn mu ló dáa jù. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ọkùnrin tó jókòó sínú yàrá kan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ pé oorun ni wọ́n ń wá.

Ẹnikẹ́ni má fi ṣe ìwé ìtọ́jú ara o, ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin yẹn, ìmọ̀ ìṣègùn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, tí àkeekèé bá ta yín ẹ sáré lọ sọ́sípítù.

Sítáà méjì nínú márùn-ún ni mo fún ìwé tí mo rà, méjèèjì sì jẹ́ ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó rán an. Mi ò dá a padà. Mo ti ra pẹ́ńsù tó rọ̀, lálaalẹ́ mo máa ń ṣí Gallica sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo máa ń wá ojú ewé tó bá àwòrán mu, mo ń da ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọ sí àyè funfun tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán, Látìn ẹ̀ lókè, ìtumọ̀ Yorùbá ẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ti ṣe aáyù, mo ti ṣe spinach, mo ti ṣe àwọn obìnrin méjì yẹn. Àná mo dé orí ìbínú.